Àwòrán Àyálò Kì í Bá Ni Kalẹ́

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀hónú mi hàn lónìí. Mo ṣí ojú-ewé kan nípa Fìdítì àti Ìlọrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Ta ni kò mọ Fìdítì nínú àwọn tó ti gba ọ̀nà àtijọ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọsàn létí títì? Àlàyé òǹkọ̀wé náà gún régé, àmì ohùn rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí àwòrán wà, àpótí òfìfo mẹ́rin ni mo bá.

Mo yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Méjì nínú wọn, orí ojú òpó ẹlòmíràn ni ó ti fi src fà wọ́n wá. Onílé ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, àyálò sì bá a lọ. (Ẹ má gbàgbé pé nígbàkígbà tí ènìyàn bá ṣí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀, onílé ni ó ń ru ẹrù náà, kì í ṣe ẹni tó yá a.) Ẹ̀kẹta ń tọ́ka sí file:///C:/, èyí tí í ṣe inú kọ̀ǹpútà òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ó dájú pé òun ń rí i dáadáa nínú yàrá rẹ̀. Àwa ará ìta ni a kò rí nǹkan kan.

A kò lè sọ pé a kò rí àpẹẹrẹ. GeoCities ti ìlẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà ní 2009. Ní 2017, Photobucket ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa fa àwòrán rẹ̀ lọ sórí ojú òpó mìíràn máa san nǹkan bí 400 dọ́là lọ́dún, àìmọye àwòrán sì pòórá.

Ẹ̀kẹrin ló bí mi nínú jù. Ìlọrà.jpg ni orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì. Àwọn kan nínú wa gbà pé bí orúkọ fáìlì kò bá ní àmì, a ti fi èdè wa wọ́lẹ̀. Èmi tí mo máa ń jà fún àmì ohùn lòdì sí wọn pátápátá. Lójú ènìyàn, lẹ́tà 5 ni Ìlọrà. Nínú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ kóòdù Unicode 5, bí Ì, ọ àti à bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ 8, bí lẹ́tà bá dá dúró tí àmì náà sì dá dúró. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni wọ́n lójú Linux, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ojú òpó ń gbé ń lò. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì Mac àtijọ́, a máa tú orúkọ sí 8 láìbi ẹnikẹ́ni. Bí òǹkọ̀wé bá wá tẹ 5 sínú src, ìjápọ̀ já nìyẹn. Kódà Osan.JPG àti osan.jpg kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Linux.

ilora.jpg tó. Orúkọ fáìlì kì í ṣe ibi tí a ti ń bọ̀wọ̀ fún èdè. Okùn tí a fi so ẹran mọ́lẹ̀ lásán ni. Inú alt ni àmì ti wúlò, ibẹ̀ gan-an ni ajàfẹ́tọ̀ọ́ wa kò sì kọ ohunkóhun sí! Bẹ́ẹ̀ HTML 4.01 ti sọ alt di dandan láti 1999. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó:

<img src="aworan/osan.jpg" lang="yo" alt="Òkìtì ọsàn lórí àtẹ létí títì ní Fìdítì">

Bí àwòrán yìí tilẹ̀ kọ̀ láti jáde, ọ̀rọ̀ á jáde. Ẹni tí kò ríran, tí ẹ̀rọ ń kàwé fún, á gbọ́ ọ. Bí kò bá sí alt, orúkọ fáìlì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà máa ń kà síta: DSC00412. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe júwe Ìlọrà fún un?

Ohùn kò yàtọ̀. Ẹ bi àwọn tó fi Flash gbé oríkì ìlú wọn sórí ayélujára léèrè, kí Adobe tó fi òpin sí i ní ìparí 2020. Ẹ tọ́jú mp3 yín sínú àpò tiyín, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ oríkì náà sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní àyè ìpamọ́ wọ́n. Ẹ dín àwòrán kù. Ojú-ewé kò nílò gbogbo ìwúwo tí fóònù fi yà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ojú-ewé yẹn, bí ẹ bá ń ka èyí, àwòrán kẹta ṣì wà nínú C: yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e síta kí kọ̀ǹpútà náà tó kú.