Ẹ Má Gba Sípánà Lọ́wọ́ Wa

Irọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé. Àwọn òbí wa ń sọ ọ́ nílé, àwọn olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ dídán sọ ọ́ nílé ìwé, àwa ọmọ náà sì ti gbà á gbọ́ débi pé ẹni tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá wà ní èékánná rẹ̀ máa ń ti ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Obìnrin ni mí pẹ̀lú, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ le. Fún ọdún méjì, ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti bàbá mi tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré kan palẹ̀, a sì tún un tò, nínú gáréèjì kan ní gúúsù London tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn fi ń rìn. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní eré lè mọ ohun tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú nìyí. Nígbà tí mo kọ ìwé ìbẹ̀wẹ̀ láti wọ yunifásítì, olùkọ́ tó ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n fi ìwé tí mo kà síbẹ̀, nítorí ó dà bí ohun tí ènìyàn fi ń pa àkókò. Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi, àwọn àǹtí mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí lóde àríyá: “Ṣé mẹkáníìkì lo wá fẹ́ dà ni?” Bí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì náà, ẹ óò rò pé olè ni wọ́n dárúkọ.

Ọkọ̀ náà ni Porsche 944 Turbo tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1987. Bàbá mi rà á ní òkú, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wálé. Ẹni tó tà á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Lẹ́nu àwọn ará Èkó, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí ẹjọ́: ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, Ládípọ̀ ló kàn, kí wọ́n lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn fi síbẹ̀. Bàbá mi, tó kọ́ṣẹ́ ní Mushin fún ọdún mẹ́ta, tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù kí ó tó lọ sí politẹ́kíníìkì, kò gba ìdájọ́ náà láì fojú ara rẹ̀ rí òkú. Ó ní ká tú u wò.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tọ́bò jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ń pe orúkọ náà bí ẹni ń pe ọfọ̀. Ẹni tó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ ẹwìrì. Ọmọ iṣẹ́ á máa fín in, afẹ́fẹ́ á wọnú iná, iná á ràn. Ẹwìrì ni tọ́bò, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń fín in. Èéfín tí iná náà fúnra rẹ̀ tú jáde ni ó ń yí i. Èéfín tí ì bá bọ́ síta lásán máa gba ara abẹ̀bẹ̀ kékeré kan kọjá, abẹ̀bẹ̀ náà á máa yí, èkejì rẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá kan náà á máa fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta, á máa tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905, ṣùgbọ́n ó di 1962 kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó fi sínú ọkọ̀ tí ènìyàn lásán lè rà. Ọ̀kan nínú wọn, Oldsmobile Jetfire, nílò kí onílé máa bu omi tí wọ́n fi ọtí methanol lú sínú àgbá kan kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Ọ̀pọ̀ kò bù ú. Ọkọ̀ náà kò pẹ́ lọ́jà.

Lójú pátákó ọkọ̀ tiwa, agogo kan wà tó ń ka agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì jí ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sórí 1. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tó fi ka 1 nígbà tí tọ́bò kò tíì yí. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa nìyẹn, ìwọ ọmọ yìí.” Wọ́n ti kọ́ mi nílé ìwé pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì ti gba máàkì lé e lórí. Ọjọ́ tí ọwọ́ agogo yẹn dúró sórí 1 ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí tọ́bò bá ṣiṣẹ́ dé ibi tí ilé iṣẹ́ fi sí, agogo náà á ka nǹkan bí 1.75, agbára ẹṣin 220 á sì jáde láti inú sìlíńdà mẹ́rin péré.

Ẹ wá wo òkú náà. Nígbà tí a yọ ọpọ́n ọ́ìlì nísàlẹ̀, wúrúwúrú bàbà ń dán nínú ọ́ìlì. Bẹ́ríǹ kọnírọ́ọ̀dù kejì ni. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti máa ń kọ́kọ́ wọ́n bí wọ́n bá ń sá a ní ìsákúsàá. Ojú bẹ́ríǹ tó yẹ kó rí bí òjé ti họ tán. Bàbá mi gbé máíkírómítà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wọn kiránkì níbi mẹ́rin, kí n wọn ibì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ní òró àti ní ìbú, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni à ń wá. Irun orí ẹ nípọn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ bá mi wá ìdánwò ìṣirò kan tó ń fi ìyà jẹ aláìbìkítà tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ la ṣe nílé o. Kiránkì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì 944 kò ní bàǹbú irin nínú ihò sìlíńdà rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́ọ̀nù ni látòkè délẹ̀, hóró sílíkọ́ọ̀nù líle tó yọrí lára ògiri ihò náà ni písítìn ń rìn lé, wọ́n sì fi irin bo ara písítìn kí méjèèjì má baà jẹ ara wọn. Ilé iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ti fẹ́ ki òkúta bọ̀ ọ́, kí wọ́n họ ọ́ bí wọ́n ti ń họ búlọ́ọ̀kù irin. Ìbá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ẹnì kan nínú gáréèjì wa ti ka ìwé nípa rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó sì béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Èmi ni. Ìwé tí olùkọ́ mi ní kí n fi rọ́pò ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì gan-an ló lé mi lọ bá a.

Nítorí náà, n kò gba ti àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ nìkan ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ ní Mushin, tó lè gbọ́ ìró ọkọ̀ láti ìta kó sọ sìlíńdà tó ń ṣàìsàn. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, kò sì sí yunifásítì tó ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, àbùkù tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn kan náà, agbára apá ló fi ń dé nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, títí ara rẹ̀ á fi sọ pé ó tó. Orí 944 Turbo kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ óò bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tó ń ka ìwọ̀n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á sì bá ọ́ìlì pàdé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà, nítorí àwọn àgbà nìkan kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí lórúkọ jẹ́. Ọmọkùnrin tó ra ọkọ̀ tọ́bò lónìí fẹ́ kó yára lọ́la. Ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kan wà tí èéfín tó bá pọ̀jù máa ń gbà sá kúrò lára tọ́bò. Ó dí ìlẹ̀kùn náà, tàbí ó ra kékeré nǹkan kan tó ń tan ẹ̀rọ jẹ, afẹ́fẹ́ sì ń ya wọlé. Ta ló bu epo mọ́ afẹ́fẹ́ náà? Epo bẹtiróòlù ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo 1 kó lè jó tán. Nígbà tí tọ́bò bá ń tì í gidigidi, a máa ń mú afẹ́fẹ́ wá sí bíi 12 tàbí kó dín díẹ̀, kí epo tó ṣẹ́kù lè tu iná lára. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò pọ̀, ooru á gbòde, epo á máa bú gbàmù fúnra rẹ̀ láì dúró de iná tó yẹ kó jó o. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nọ́ọ̀kì gan-an nìyẹn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Ládípọ̀. Ó lè gbẹ́ ihò sí orí písítìn. Àwọn tó ṣe 944 mọ̀ ọ́n: ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí ti tọ́bò máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 8 sí 1 péré, nígbà tí èyí tí kò ní tọ́bò ní Yúróòpù ń ṣe 10.6 sí 1.

Tiwa, bẹ́ríǹ la kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà gásíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì, torí pé bí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì yìí bá já, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn. A fi ẹnu epo tó tóbi sí i, a fi agogo tó ń ka afẹ́fẹ́ àti epo sí i. Ìgbà náà la tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún ipá tọ́bò, a sì kọ̀wé sí àwọn abánigbófò pé a ti yí i padà. Apá tó wù mí jù kò lè mú ọkọ̀ náà yára rárá. Bí ẹ bá pa á lẹ́yìn eré gígùn, ẹ óò gbọ́ nǹkan tó ń kùn jẹ́jẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Pọ́ǹpù kékeré ni, iná bátìrì ló ń lò, ó ń yí omi ká tọ́bò kí ọ́ìlì inú rẹ̀ má baà jóná di èédú. Ẹnì kan ní Jámánì jókòó, ó ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti wọlé lọ jẹun. Mo fẹ́ di irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní owó ńkọ́. Ó gba owó. Bàbá mi kò fẹ́ kí n sọ iye rẹ̀, ìyá mi náà á sì ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ilé ìwé ra Porsche. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé ní Ìbàdàn ní písítìn, ó ní ríǹgì, ó ní pọ́lọ́ọ̀gì. Tábìlì kan gbà á, ọmọ mẹ́rin sì lè tú u láàárín ọ̀sán kan. Ní 2011 ni wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé girama àgbà ní Nàìjíríà, títún ọkọ̀ ṣe sì wà lára wọn nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é níbẹ̀, ó yege. Àwòrán ẹ́ńjìnnì ló dà kọ láti ara pátákó. Kò fọwọ́ kan ẹyọ kan títí tó fi jáde.

Wọ́n á tún ní ọkọ̀ iná mànàmáná ló kù tó ń bọ̀, pé a ń kọ́ iṣẹ́ tó ti ń kú lọ. Ó dáa. Ṣé ọkọ̀ iná mànàmáná kò ní bẹ́ríǹ ni? Ṣé ooru kò ní pa bátìrì rẹ̀? Bàbá mi tó tú ẹ́ńjìnnì ní Mushin, líìfùtì ló ń tún ṣe báyìí nínú àwọn ilé gíga London, kò sì sí písítìn kankan nínú àwọn tó ń tọ́jú.

Ní ọdún tó kọjá, ilé ìwé wa kó ẹ̀rọ jáde nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n to kọ̀ǹpútà síbẹ̀. N kò bá kọ̀ǹpútà jà, òun náà wà nínú ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìrẹ́rin kan àti ẹ̀rọ ìlujọ́ méjì wà lẹ́yìn ilé ìjẹun lábẹ́ tapólì báyìí, òjò sì ti ń rí wọn. Ìpẹtà ti dé ojú irin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Èmi àti bàbá mi ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé a óò wá ní ọjọ́ Sátidé, a óò fi ọ́ìlì pa wọ́n lára, a óò sì tò wọ́n padà láìgba kọ́bọ̀. Yàrá kan ṣoṣo là ń béèrè, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí bá wa béèrè rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí òtútù tó dé bá àwọn ẹ̀rọ náà níta.