Ohun Tó Bá Ojú Ló Bá Imú: Ọ̀rọ̀ Lórí Eyín Onírin



Ọ̀rọ̀ eyín onírin ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni eyín náà ti ń jáde.

Ní ọdún 1952, Per-Ingvar Brånemark, dókítà ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi irin tí à ń pè ní titanium sínú egungun ehoro láti fi ṣe ìwádìí. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, irin kọ̀, egungun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965 ó rì í sínú àgbọ̀n ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fi eyín lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni akáyín ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹran.

Wọ́n a máa po titanium mọ́ irin mìíràn kó lè le sí i. Àdàpọ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950: ìpín 6 nínú 100 jẹ́ aluminium, ìpín 4 jẹ́ vanadium. Nígbà tí ẹ̀rù vanadium bẹ̀rẹ̀ sí ba àwọn onímọ̀ pé ó lè pa ara lára, àwọn ará Switzerland fi niobium rọ́pò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ìyẹn dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe irú àníyàn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rọ eyín? Titanium kì í yọ́ àfi bí iná bá gbóná tó nǹkan bí 1,668 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ a máa bà á jẹ́ nínú ooru yẹn, nítorí náà inú gáàsì argon ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Argon kò ní òórùn. Bó bá jò nínú yàrá tí a sé pa, ó lè pa ènìyàn láìfura. Eruku titanium tó kúnná lè gbiná, omi kò sì ṣeé fi pa á, àfi iyanrìn gbígbẹ.

Àwọn eyín àtọwọ́dá mìíràn wà tí a fi nickel àti chromium ṣe, tí beryllium wà nínú wọn. Ní 2002, OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, nítorí pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti mú àwọn tó ń lọ̀ wọ́n. Oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, òṣìṣẹ́ ń wúkọ́.

Èrò tiwa nìyí. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbé irin tuntun wọ ilé iṣẹ́, ti eyín ni o, ti mọ́tò ni o, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Kó ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku, kó pèsè ìbomú tó yẹ, kó sì sanwó àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tó ń tún bíréèkì mọ́tò ṣe, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí.

Bí wọ́n bá lè yọ vanadium kúrò nítorí ẹnu oníbàárà, wọ́n lè gbá eruku kúrò nítorí àyà òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ohùn kan béèrè fún un.