Ohun Tí Wọ́n Tà Lọ́jà Àpòmù

Èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè dáadáa. Dòdò tí wọ́n ń tà létí títì kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ọjà Àpòmù tó wà nítòsí? Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn tó sì ń jí wọn gbé wá sọ́jà, ọmọ káàárọ̀-oòjíire ni wọ́n.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ló ròyìn rẹ̀. Nígbà tí jíjí ará Ọ̀yọ́ gbé ní Àpòmù pọ̀ jù, Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Olówu àti Ọọ̀ni pé kí wọ́n mójú tó ọjà náà. Ọọ̀ni pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó mú ẹnikẹ́ni tó bá dán an wò. Àṣé ọmọ ọba ni ọwọ́ máa bà! Awólẹ̀ ń ṣòwò kiri pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ta ọ̀rẹ́ náà. Baálẹ̀ gba ọ̀rẹ́ yẹn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n na ọmọ ọba lẹ́gba. Nígbà tí Awólẹ̀ wá di Aláàfin, ó ní kí wọ́n lọ gbógun ti Àpòmù. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, Ọọ̀ni kò lè gbà á. Ó bá pa ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé orí òun lọ fi tu Aláàfin lójú, kí ìlú òun má baà parun.

Èpè Awólẹ̀ àti ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò rẹ̀, ni gbogbo èèyàn mọ̀. Baálẹ̀ yìí ńkọ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjínigbé tún gbilẹ̀. Oníkòyí àti Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí Òwu dá a dúró. Òwu ṣígun, ó run ìlú Ifẹ̀ mélòó kan, Àpòmù àti Ìkirè wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni iyàn lórí atare láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú, ní ọjà kan náà, di ogun tó tú Òwu ká. Láyé rògbòdìyàn yẹn, ní 1821, ni wọ́n kó Àjàyí Crowther, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́rú ní Òṣoògùn. Aláwọ̀ dúdú ló kó o, aláwọ̀ dúdú ló ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó tó wọ ọkọ̀ Potogí l'Ékòó.

Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa ń kọ́ irú ìtàn yìí nílé-ìwé? Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní sáà 2009/2010. Ní 2022 wọ́n kéde pé ó ti padà, ní 2025 wọ́n ní ó di dandan. Ó dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin “òmìrán Áfíríkà” nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ, tí gbogbo ẹ̀bi ẹrú sì di ti òyìnbó, oríkì nìyẹn, kì í ṣe ìtàn. Òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ní 2005, Faransé ṣòfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa sọ ire tí ìjọba amúnisìn wọn ṣe. Ariwo pọ̀ títí wọ́n fi yọ gbólóhùn náà ní 2006.

Ìyẹn kò sọ òyìnbó tó ra ẹrú di aláìlẹ́bi o. Johnson pàápàá kò ṣàìgbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, nítorí ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ gbé ìwé rẹ̀ àti èyí tí ọ̀mọ̀wé Mábògùnjẹ́ àti Omer-Cooper kọ nípa Òwu ní 1971 síwájú ọmọ pọ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yin òbí ní Ìkirè àti Àpòmù, ẹ ṣí ìwé ìtàn ọmọ yín wò. Bí ẹ kò bá rí Baálẹ̀ Àpòmù níbẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́, kí ẹ ní kó sọ ọ́ fún wọn.