Ère Ti Lọ, Kí Iṣẹ́ Ọnà Má Lọ Mọ́ Ọn

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 títí di oṣù kìíní ọdún 2023, ilé ìṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, agbẹ́gilére tí àwọn òǹkọ̀wé ìṣáájú ń pè ní Bámgbóyè ará Odò-Ọ̀wá. Odò-Ọ̀wá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí Ìlọ́fà jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ní Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tó múlé tì í, ni Areógun ti gbẹ́ ère àti ilẹ̀kùn tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè ń ṣìkẹ́ lónìí. Ìbéèrè tó kàn ni pé: kí ló kù sílé?

Láyé Areógun, ọrọ̀ ajé ni iṣẹ́ ọnà. Ọba ń fẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó ààfin, ọdún Ẹpa ń fẹ́ ère, babaláwo ń fẹ́ ọpọ́n. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin iṣẹ́, àgbẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo wọn. Owó ń yí láàárín ìlú, ìmọ̀ náà sì ń yí. Bándélé, ọmọ Areógun, di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ní ibùdó tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947 ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sìn àti àṣà yí padà, oníbàárà ilé dín kù, ti òkèèrè ló kù. Ère tí a tà lẹ́ẹ̀kan ń gbówó lórí lọ́wọ́ ẹlòmíràn; ìlú tó ti jáde kì í rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkó. Ghana àti Côte d'Ivoire ló ń pèsè ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ, síbẹ̀ ní ọdún 2019 wọ́n ní láti bu dọ́là 400 lé owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tó ń kan àgbẹ̀ kéré jù. Ọrọ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ibi tí ọrọ̀ yóò ti dàgbà nílé ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ti gbìyànjú, nítorí pé ìpínlẹ̀ Kwara kọ́ ẹ̀ka yunifásítì sí Òsì. Òótọ́ ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní Òsì, tí ilẹ̀kùn àti àga rẹ̀ wá láti ibòmíràn, àlejò ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀. Ìlú ọlọ́nà ló yẹ kí a ti máa kọ́ni ní ọnà igi, kí ẹni tó bá gé igi kan sì gbin òmíràn rọ́pò, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀la lè rí igi gbẹ́.

Èyí kò lè ṣeé ṣe láìsí ààbò. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Olúkòró ti Kòró nínú ààfin rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Eruku, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó olùjọ́sìn lọ. Ìlú méjèèjì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Òsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ṣẹ́ ọnà. Òbí wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí ojú kò ti lè sùn?

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ kọ́kọ́ dá àlàáfíà padà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré: kí wọ́n wá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà tó kù rí, kí wọ́n fa ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ owó oúnjẹ àti irin iṣẹ́ wọn sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.