Fóònù Mọ̀nà, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Gbé E Lọ́wọ́

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Ìlú Ọba a máa bi mí ní ìbéèrè kan: ṣé kí àwọn ra ẹ̀rọ atọ́nà tí à ń pè ní GPS sínú ọkọ̀ tí àwọn yóò máa wà lọ́hùn-ún ni, àbí fóònù ọwọ́ àwọn ti tó? Ìdáhùn mi kì í yí padà. Fóònù yín ti tó. Ẹ fi owó ẹ̀rọ náà ra ẹ̀wù òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un: fóònù tó lè mú yín dé ibi iṣẹ́ lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po, ní òkè tó ju 20,000 kìlómítà lọ, ló ń fi àmì ránṣẹ́. Bí fóònù bá ti gbọ́ ti mẹ́rin nínú wọn, yóò mọ ibi tí ó wà. Ọ̀fẹ́ ni àmì yìí, kò sì jẹ dátà. Máàpù ló ń jẹ dátà. Ẹ̀rọ GPS ti gbé máàpù tirẹ̀ sínú, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ti ń bu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè dá awakọ̀ dá ọ̀nà láàárín àwọn òkè Scotland tàbí Wales, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dé. Oògùn rẹ̀ kò le: láti ilé, lórí Wi-Fi, ni kí ẹ ti gba máàpù agbègbè náà sílẹ̀ lórí Google Maps. Yóò máa júwe ọ̀nà fún yín láìsí dátà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè sọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà.

Ìwà rere kan wà lára GPS tí fóònù kò ní. Ibi tí a gbé e sí ló ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tí yóò pè é láti Ìbàdàn. Fóònù ní ẹbí, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì ní WhatsApp.

Òfin England, Scotland àti Wales kò gbà kí awakọ̀ di fóònù mú lọ́wọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ti mú òfin náà le sí i. Kì í ṣe ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló kàn. Ẹni tó gbé fóònù láti wo máàpù tàbí láti yí orin padà náà ti rú òfin. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró níwájú iná pupa, òfin ṣì ka ẹni náà sí ẹni tó ń wakọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £200, pẹ̀lú póìǹtì 6 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

Póìǹtì 6 yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ti Nàìjíríà lọ gbé ibẹ̀ lè fi ìwé àṣẹ ilé wakọ̀ fún oṣù 12. Lẹ́yìn náà, ó di dandan kí ó ṣe ìdánwò tiwọn. Láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bá yege, póìǹtì 6 tó láti fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀. Yóò padà di akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì tún gbogbo ìdánwò ṣe. Ẹ wá ro ti ọmọ wa tó ń wakọ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, tó ń wẹ̀ fún wọn, tó ń fún wọn lóúnjẹ. Bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bá lọ, báwo ni yóò ṣe dé ilé wọn?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó ṣíná sí ọkọ̀, ẹ ti tẹ póósítì kóòdù ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí yóò gbé e ró, níbi tí kò ti ní dí ojú yín. Ẹ ki okùn ṣájà bọ̀ ọ́, nítorí pé ìtọ́nà a máa tètè gbẹ bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa sọ̀rọ̀, kí ẹ sì pa ìró ìpè àti WhatsApp.

Bí ẹ bá wá kọjá ibi tó yẹ kí ẹ ti yà ńkọ́? Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìdánwò ìwakọ̀ ibẹ̀ ti ní apá kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀lé ohùn ẹ̀rọ atọ́nà. Olùdánwò ló ń gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ọ̀nà mìíràn, wọn kò kà á sí àṣìṣe, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti wakọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí púpọ̀. Ẹ máa bá ọ̀nà tí ẹ bọ́ sí lọ. Fóònù yóò wá òmíràn fúnra rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé lè tọrọ àforíjì, arúgbó tó ń dúró dè é yóò sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.