Owó Ìyá Nínú Fóònù Ọmọ

  Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń gbọ́ láti ìṣọ̀ dé ìṣọ̀, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó, tí a kò lè fọwọ́ bò mọ́lẹ̀ mọ́.

Ìyá kan nínú wa ń ta gàárì. Oníbàárà kan ra kóńgò mẹ́ta, kò ní káàṣì lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Ìyá ò ní àkáǹtì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní. Oníbàárà mìíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀, òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ka owó, kò pé.

"Owó mi dà?"

"Ó wà nínú fóònù, Mọ́mì."

"Mú un jáde kí n kà á."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́ pé olè lọmọ. Nígbà tí ọjọ́ ọjà mìíràn pé, ọmọ ò yọjú sí ìṣọ̀ mọ́.

Àwa ò rò pé ìyá yẹn gọ̀. Owó tí ojú ò rí, tí ọwọ́ ò kà, tí ẹlòmíràn ń báni tọ́jú, ta ni ọkàn rẹ̀ á balẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọ yẹn kì í ṣe olè. Ó lọ gba owó jáde lọ́dọ̀ oní-POS, oní-POS yọ tirẹ̀, ọmọ kó ìyókù fún ìyá, ìyá ní kò pé. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún ẹnì kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀kan fún yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ìjọba pa pọ́n-ùn àti sílè rẹ́, náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà 2, sílè kan di kọ́bọ̀ 10. Ṣùgbọ́n látijọ́, kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú sílè kan! Àwọn ìyá wa gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀, wọ́n ní ìjọba ti jí kọ́bọ̀ 2 nínú sílè àwọn. Ta ló ṣàlàyé fún wọn pé kọ́bọ̀ tuntun níye lórí ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ? Àwa náà ni o, àwa tí ẹ ń pè ní ìyá àgbà lónìí, tí a wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a ò ní purọ́. A sì jẹ ìgbátí. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà tí àwọn ìyá wa ṣì ń pe náírà kan ní sílè mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kejì, tuntun ò tó, wọn ò sì gba ògbólógbòó mọ́. Kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà, tòmátì ti jẹrà, ẹ̀fọ́ ti rọ. Ìṣọ̀ tó rí nǹkan tà, ìṣọ̀ tí ọmọ ti gbé fóònù jókòó ni. Ẹ tún wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Fóònù ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ra ata. Ẹni tó bá ní káàṣì nìkan lòun ń gbà, ó ń lé wọn lọ sí ìṣọ̀ kejì ni.

Àmọ́ àwọn ọmọ náà ń jìyà tiwọn. Oníbàárà á na fóònù ara rẹ̀ síwájú, "mo ti fi ránṣẹ́," ọmọ á di ẹrù fún un. Ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì ni! Ìyá tó ti tajà fún ogójì ọdún á ti rí i lójú oníbàárà pé nǹkan kan ò dáa níbẹ̀. Ṣebí òun ló mọ ẹni tí wọ́n ń tà láwìn fún. Ẹrù ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ àfi kí owó wọ fóònù tiwa.

Ohun tí àwa fara mọ́ ni pé kí ìyá lọ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ ni yóò máa bá a ka iṣẹ́ tí báńkì bá rán. Kó tó di ìgbà náà, kí ìwé kékeré kan wà níṣọ̀: iye tó wọlé, iye tí oní-POS yọ, kí wọ́n sì jọ ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ. Owó tí oní-POS yọ, inú èrè ọjà ni kó ti jáde, kì í ṣe àpò ọmọ. Nọ́ńbà àṣírí káàdì, ìyá ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún oní-POS kankan, bó ti wù kó kúnlẹ̀ kí i tó. Bí ìyá bá sì fura, kó pe ọmọ sí kọ̀rọ̀. Ariwo olè tí a bá pa láàárín ọjà, a ò lè kó o padà. Ọmọ náà ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá ní "mú un jáde kí n kà á," kó ṣí fóònù, kó kà á sókè, kó gbé ẹ̀rín mì.

Ìyá alágàárì yẹn àti ọmọ rẹ̀ ti parí ìjà. Ọmọ ti padà síṣọ̀, ìwé wà lábẹ́ kóńgò. Ìjà tó kù báyìí ni ta ni yóò máa ra dátà. Ìyá ni, lójú tiwa. Ẹ mú ọmọ yín dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní èrò mìíràn wá sọ ọ́.