Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ogun Páálí Wọ Ìdíje

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 kan, ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ ká fi bò mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ eré orí tábìlì ilé ìwé wa ń múra ìdíje láàárín kíláàsì fún sáà tó ń bọ̀. Àwọn kan sì ti dá a lábàá pé ẹni tó bá ní ọmọ ogun oníke tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kó kópa. Wọ́n ní ti páálí kì í ṣe ojúlówó. Èmi ò gbà o. Tí òfin yẹn bá wọlé, ọmọ mẹ́ta péré ló máa ṣeré, àwa yòókù á kàn máa wòran.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ogun àròsọ ni. Ẹni méjì á to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí wọ́n lè rìn dé, wọ́n á ju dáìsì láti mọ ẹni tó ṣubú. Ọmọ ogun lè jẹ́ ènìyàn, ó lè jẹ́ òmìrán, oṣó, elf, orc tàbí dírágónì. Ọ̀kan lára èyí tó lókìkí jù ni Warhammer, tí ilé iṣẹ́ Games Workshop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1983. Ti ọ̀rẹ́ wa kan ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kó o bọ̀ láti London. Ó rẹwà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ owó páálí kan ṣoṣo lè ju owó ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wá sílé ìwé fún odidi oṣù kan lọ.

Ibo gan-an ni iṣẹ́ inú eré yìí wà? Kì í ṣe inú ike. Inú ìṣirò ni. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á jókòó yan àwọn tó máa kó lọ, iye póìntì sì wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, 500 ni òpin: ọlọ́kọ̀ kan 5, tafàtafà 8, ẹlẹ́ṣin 15, balógun 60, òmìrán 100, dírágónì 200. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹni tó bá mú dírágónì, òmìrán àti balógun ti ná 360. Ó ku 140, ìyẹn ọlọ́kọ̀ 28. Kò sí tafàtafà, kò sí ẹṣin. Ẹlòmíì á ní òun ò ṣe dírágónì. Ó mú ọlọ́kọ̀ 41, tafàtafà 20, ẹlẹ́ṣin 5 àti balógun kan. Ẹ ṣírò ó, 500 géérégé ni. Àsíá mẹ́ta la máa ń gbé sórí tábìlì, ẹni tó bá di púpọ̀ nínú wọn mú nígbà tí eré parí ló borí. Dírágónì á pa ènìyàn lóòótọ́, àmọ́ ṣé ó lè dúró níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwọn tó ni Warhammer pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹjọ tó jáde ní 2010, òfin ni pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin póìntì rẹ gbọ́dọ̀ lọ fún àwọn ọmọ ogun gbáàtúù. Bí òpin bá jẹ́ 2,000, 500 ti di tiwọn nìyẹn. Ẹ ò lè kó abàmì ẹ̀dá nìkan wá. Irú èrò báyìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á.

Ẹ tún wo ìtàn. Ní 1824, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Georg von Reisswitz gbé eré ogun kan jáde ní Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì. Búlọ́ọ̀kù kéékèèké onígun mẹ́rin, pupa àti búlúù, ni ọmọ ogun wọn. Kò lórí, kò lápá, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀gá sójà gidi. Ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax wà lára àwọn tó ṣe Chainmail ní 1971, tó ní abala oṣó àti dírágónì, ó sì tún wà lára àwọn tó gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Ohun ìṣeré ike pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Hong Kong ló bí owlbear, rust monster àti bulette tó di olókìkí nínú eré yẹn. Games Workshop náà, nígbà tí Warhammer 40,000, tó jáde ní 1987, ṣì jẹ́ tuntun, fi han àwọn òǹkàwé wọn bí èèyàn ṣe lè fi ike diódóráǹtì ṣe ọkọ̀ ogun. Diódóráǹtì o! Ta ló wá sọ pé páálí wa kì í ṣe ojúlówó?

Àwọn tó ta kò wá ní ẹjọ́ tiwọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Wọ́n ní èèyàn kì í mọ ohun tí páálí dúró fún, pé lánàá ó jẹ́ tafàtafà, lónìí ó di oṣó. Òótọ́ ni. Wọ́n ní fáànù máa ń gbé e. Òótọ́ nìyẹn náà. Òfin mẹ́ta tó máa yanjú ẹ̀ nìyí:

Èkíní, ibi tí ọmọ ogun dúró lé gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n mu. Ẹ jẹ́ ká lo ti Warhammer àtijọ́: mílímítà 20 sí 20 fún ènìyàn, 25 sí 25 fún orc, 25 sí 50 fún ẹlẹ́ṣin. Ẹ lẹ ìdérí ìgò mínírà sábẹ́ rẹ̀, fáànù ò ní lè gbé e mọ́.

Èkejì, kí a ya ohun ìjà rẹ̀ kó hàn láti òdìkejì tábìlì.

Ẹ̀kẹta, kí oníkálukú fi àkọsílẹ̀ póìntì rẹ̀ lé ọ̀gá wa tó ń bójú tó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní sí pé ó yí padà.

Kí àwọn oníke náà tẹ̀ lé òfin kan náà.

Ohun kan ṣì kù. Ọmọ SS1 kan ti fi páálí ṣe egbére, ó ń sunkún, ẹní sì wà lápá rẹ̀. Póìntì 12 la fi lé e. Bí ọ̀tá bá gba ẹní yẹn tó sì gbé e dé ẹ̀yìn ogun tirẹ̀, bí ẹni gba àsíá kan ni. Ọmọ kíláàsì wa kan ń gé Kàkó inú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, kùmọ̀ rẹ̀ ga jù ú lọ. Tó bá jẹ́ èyí tí a rà nìkan ló máa wọlé, ṣọ́ọ̀bù wo la ti fẹ́ ra egbére?

Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ máa dìbò lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ ka òfin mẹ́ta yìí sókè kẹ́ ẹ tó nawọ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má tíì da páálí yín nù o.